Ìbà Tí Ń Pa Ẹlẹ́dẹ̀: Ẹnu Ọgbà Ni Kí Ẹ Ti Dá A Dúró

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa tí ẹ ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní agbègbè Warri, ìbà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kò gbóògùn. Ní 1997, ó ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wọ Ògùn àti Èkó. Ní 2020, ó tún jà ní Ọ̀kè-Àró, ó sì sọ ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn di onígbèsè.

Ara ẹlẹ́dẹ̀ a gbóná, kò ní jẹun, etí àti ikùn rẹ̀ a pọ́n, a sì kú. Àìsàn yìí kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ènìyàn ni í máa ń gbé e kiri, nínú bàtà, korobá àti ọkọ̀. Nítorí náà, kí oníbàárà dúró lẹ́nu ọgbà, kí ẹ kó ẹran jáde fún un. Ẹ ní bàtà rọ́bà tí kì í kúrò nínú ọgbà. Ẹ fọ ìgbẹ́ kúrò kí ẹ tó da oògùn apakòkòrò sílẹ̀. Ẹni tí ó dà á lé ìgbẹ́ fowó ṣòfò ni.

Àjẹkù oúnjẹ láti bùkátéríà ńkọ́? Ẹ sè é kí ó hó fún 30 ìṣẹ́jú, kí ẹ máa rò ó. Ẹran tuntun, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún 30 ọjọ́.

Bí méjì bá kú lójijì, ẹ má sáré ta ìyókù ní ọ̀pọ̀, ẹ má sì ju òkú sódò. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń dé ọgbà aládùúgbò. Ẹ ránṣẹ́ sí dókítà ẹran lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sin òkú sí kòtò jíjìn.