Ṣé Kí Ọmọ Kọ Ọ́ Sí Fọ́ọ̀mù?



Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì. Ọmọ wọn kì í sùn lóru mọ́, kò sì lè jókòó ti ìwé. Dókítà ti ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni. Wọ́n ní, “Tíṣà, ṣé ká kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù? Ṣé wọn ò ní torí ẹ̀ sọ pé àwọn ò gbà á?” Mo ní kí wọ́n fi bò ó. Mo ṣì wọ́n lọ́nà. Máàkì ọmọ náà wálẹ̀, àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò mọ ìdí rẹ̀, wọ́n sì rò pé ọ̀lẹ ni.

Ohun tó yẹ kí n sọ nìyí. Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà nípa àìlera, ti ọpọlọ sì wà lára rẹ̀. Kì í ṣe dandan kí ọmọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin Equality Act 2010 kò gba fásitì láyè láti kọ̀ láti gba akẹ́kọ̀ọ́ torí irú àìlera bẹ́ẹ̀ tó ti pẹ́ lára rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń béèrè ni kí wọ́n lè ṣètò ìrànlọ́wọ́. Ní 2020, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó kọ ọ́ sílẹ̀ lé ní 21,000.

Ẹ tètè sọ fún ilé ìwé, kí lẹ́tà olùkọ́ tó lọ sí UCAS. Bí ọmọ bá gbà, wọ́n lè ṣàlàyé nínú rẹ̀ pé àìsàn ló fa máàkì sẹ́yìn. Àfikún àkókò tàbí ìsinmi nínú ìdánwò, ṣáájú ni wọ́n ń tọrọ rẹ̀. Bí àìsàn bá dé nígbà ìdánwò gan-an, ilé ìwé ló máa kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìdánwò, kì í ṣe òbí. Máàkì tí wọ́n lè fi kún un kò ju 5% lọ. Ẹ má retí kí D di A o.

Owó Disabled Students' Allowance náà wà fún ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kì í ṣe gbèsè, wọn kì í sì wo owó oṣù òbí. (Ẹ̀yin tí ìwé ìgbélùú yín kò tíì pé, ẹ bi fásitì fúnra rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ mìíràn sábà máa ń wà.)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọmọ ní wèrè. Mo ń gbàdúrà, mo sì ń lọ rí GP. Ọmọ Abẹ́òkúta, Thomas Adeoye Lambo, kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ọpọlọ ní Institute of Psychiatry, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Maudsley ní Denmark Hill, ibi tí rélùwéè ti ń dé láti Peckham Rye láìdúró níbì kankan. Ní Aró, láti 1954, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójú ọ̀sán.

Ọmọ yẹn wọ fásitì ní ọdún tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí olùkọ́ rẹ̀ ti ṣàlàyé nínú lẹ́tà tuntun. Mo bẹ ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ó ti tán, a sì ṣì ń kíra wa ní Rye Lane.