Láísẹ́ǹsì Inú Àpótí

  Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo gbé wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ ìyàwó àbúrò mi lọ́wọ́.

Ní ọdún 2023 ni. Ilé-ìwé kan ní Ìbàdàn ń wá obìnrin tí yóò máa fi bọ́ọ̀sì kékeré kó àwọn ọmọ. Àwọn òbí ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé obìnrin ni àwọn fẹ́, nítorí àwọn ọmọdébìnrin tí ó pọ̀ nínú ọkọ̀ náà. Ìyàwó àbúrò mi mọ ọkọ̀ wà. Kí ó tó lọ sí ilé ọkọ ni ó ti ń wa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lọ sí ọjà Bódìjà. Wọ́n dán an wò nínú ọgbà ilé-ìwé, ó yege, wọ́n ní kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àtìní. Wọn kò tíì béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe tiwọn nìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni ó tó ṣí àpótí. Ó bá láísẹ́ǹsì náà lábẹ́ káàdì tí ó fi ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ̀bí. Ọdún 2016 ni ó gbà á, ti ọdún mẹ́ta ni, ó sì ti kú láti 2019. Láàárín ìgbà náà ni ó bí ìbejì, ó sì tún bí ìdòwú wọn. Ta ni yóò rántí láísẹ́ǹsì?

Àbúrò mi ní kí ó má dààmú, pé òun mọ ọmọkùnrin kan tí yóò gbé òmíràn wá kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Kò ní ya fọ́tò, kò ní tẹ ìka. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fẹ́ kó lé mi lọ́wọ́ yìí o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí n fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.”

Èmi gbè sẹ́yìn rẹ̀. Láísẹ́ǹsì ayédèrú dára lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi nọ́ńbà náà wá orúkọ ẹni nínú àkọsílẹ̀ tí wọn kò rí i, owó ti lọ, orúkọ rere ti bàjẹ́, ẹjọ́ sì lè tẹ̀lé e. Ẹ tún ro ti ìjàǹbá: bí awakọ̀ kò bá ní láísẹ́ǹsì tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti san owó ọkọ̀ tí ó bàjẹ́. Ṣé aríjẹ nídìí màdàrú náà ni yóò wá san án?

Ní ọjọ́ Sátidé ó pe Alhaja tí ó ni ilé-ìwé náà, ó sọ òtítọ́. Alhaja dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “O kò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ mi títí ìwé rẹ yóò fi dé. Wá jókòó ti awakọ̀ tí mo ní, kí o máa ka àwọn ọmọ wọlé, kí o sì máa kà wọ́n jáde. Ìdajì owó ni n ó máa san. Bí oṣù kan bá pé tí ìwé kò dé, n ó wá ẹlòmíràn.” Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ibi tí ó ti wá le nìyí, ẹ̀yin ìyá, ẹ sún mọ́ mi. Kì í ṣe owó ni ó dá a dúró, orúkọ ni. Láti tún láísẹ́ǹsì ṣe, wọn yóò béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, èyí tí ó jẹ́ 11. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó wà lórí láísẹ́ǹsì, orúkọ ọkọ rẹ̀ ni ó wà lórí nọ́ńbà ìdánimọ̀. Nínú ẹ̀sìn wa, kò sí ohun tí ó ní kí obìnrin fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìgbéyàwó. Àwa ni a kọ́ ọ. Ẹ sì wo bí a ṣe ń kọ orúkọ Lárúbáwá: Sekinat ní ibì kan, Sakinat ní ibòmíràn, Sikinatu lórí ìwé ìbí. Sí wa, ẹnì kan náà ni. Sí ẹ̀rọ, ènìyàn mẹ́ta ni. Ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́ àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni ó fi tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lọ.

Lẹ́yìn èyí ọ̀nà là. Ó kọ fọ́ọ̀mù lórí ẹ̀rọ ayélujára, ó yan ti ọdún 5 dípò ti ọdún 3, ó sanwó, ó sì lọ sí ibùdó tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ń ya fọ́tò. (Àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1988 ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́.) Ọ̀rọ̀ híjáàbù níbi fọ́tò ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà; ó tó kí a ya ọ̀sẹ̀ mìíràn sọ́tọ̀ fún un. Ní tirẹ̀, ojú rẹ̀ hàn gbangba, ẹnikẹ́ni kò bá a sọ nǹkan kan.

Kí ẹ tó gba iṣẹ́ awakọ̀, ẹ wo lẹ́tà tí ó wà lára láísẹ́ǹsì yín pẹ̀lú. A ni ti alùpùpù, G ni ti ọkọ̀ tírélà, J ni ti abirùn. Ẹ béèrè bóyá lẹ́tà tiyín gba ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fà lé yín lọ́wọ́, kí ẹ má baà sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìwé fún ìgbà díẹ̀, èyí tí a ń lò fún ọjọ́ 60 nígbà náà, tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù Alhaja pé. Alhaja gbà á, ó wo ọjọ́ tí ó wà lára rẹ̀, ó ká gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí i. Àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì kò tètè gbà pé ó lè wa ọkọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó ń ka àwọn ni.