Àwo Tí Ń Fúnra Rẹ̀ Ṣí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni ti àwo síídì tí a kó ìwé kíkà, ohùn àti àwòrán sí papọ̀, tí ó ń fúnra rẹ̀ ṣí bí a bá ti fi í sínú kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ: báwo ni a ṣe lè ṣe é tí yóò fi ṣiṣẹ́ lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, irú ètò yòówù tí ìbáà máa darí wọn?

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á fi olùkọ́ Yorùbá kan ní Ìgbẹ́mọ-Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ. Ìrẹsì ni a mọ ìlú náà mọ́. Ká ní olùkọ́ yìí gba ohùn àwọn ìyá àgbà sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣàlàyé bí a ṣe ń gbin ìrẹsì, bí a ṣe ń sè é kí á tó sá a, ní ẹ̀ka-èdè Èkìtì pọ́ńbélé. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti gbọ́ "ulé" níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń wí pé "ilé", tí yóò sì mọ̀ pé òfin tí a kọ́ ọ ní kíláàsì, pé fáwẹ̀lì "u" kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò de Èkìtì. Bí àwo tí a kó irú ohùn bẹ́ẹ̀ sí bá yadi, kì í ṣe àwo lásán ni a pàdánù.

Ní ayé giramafóònù, ìṣòro yìí kò pọ̀. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti kọ orin 43 sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún iléeṣẹ́ Zonophone. Ẹni tí ó bá ní giramafóònù lè gbọ́ wọn, nítorí abẹ́rẹ́ kò bèèrè ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí ètò kọ̀ọ̀kan ń gbà to ẹrù sínú àwo. Nítorí èyí ni àwọn aṣojú iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe pàdé ní 1985 ní òtẹ́ẹ̀lì High Sierra, lẹ́bàá adágún Tahoe ní Amẹ́ríkà, láti fìmọ̀ ṣọ̀kan. Láti inú ìpàdé wọn ni ìlànà àgbáyé tí a ń pè ní ISO 9660 ti jáde ní 1988. Àwo tí a bá fi ìlànà yìí kọ, Windows, Macintosh àti Linux ni yóò rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n rírí ọ̀tọ̀, ṣíṣí ọ̀tọ̀. Láti ìgbà Windows 95 ni Windows ti máa ń wá fáìlì kékeré kan tí ń jẹ́ autorun.inf nínú àwo tí ó bá wọlé. Láti Windows 2000 síwájú, ìlà méjì ti tó nínú fáìlì náà:

[autorun]
shellexecute=index.htm

Àwọn Windows tí ó jáde lẹ́yìn náà a máa kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó tì wọ́n. Macintosh òde òní kò tilẹ̀ ka fáìlì náà sí. Kò sì yẹ kí á bínú sí wọn, nítorí àlejò tí ń wọlé láìké àgò kì í ṣe àlejò ire nígbà gbogbo. Ní 1998, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní AutoStart gba irú ọ̀nà yìí wọ Macintosh. Ní ìparí 2008, Conficker bẹ̀rẹ̀ sí í jà káàkiri ayé lórí Windows, fúláàṣì sì wà lára ohun tí ó gùn wọlé. Nítorí náà ni Windows 7, tí ó jáde ní 2009, kò ṣe gbà kí ohun inú fúláàṣì máa fúnra rẹ̀ ṣí mọ́.

Kí ni kí olùkọ́ wa wá ṣe? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ó fi autorun.inf sí i fún ẹ̀rọ tí ó bá gbà á, ṣùgbọ́n kí ó má fi gbogbo àwo rọ̀ mọ́ ọn. Ohun mẹ́rin ni kí ó kíyè sí.

Èkíní ni ẹnu ọ̀nà. Kí ojú-ewé àkọ́kọ́ jẹ́ index.htm, irú èyí tí a fi ń ka ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò tí ń ṣí i wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣí ohun tí ó wà nínú àwo. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .exe, ti Windows nìkan ni.

Èkejì ni orúkọ. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí orúkọ fáìlì má ju lẹ́tà 8 lọ, kí lẹ́tà 3 tẹ̀lé àmì ìdánudúró, kí ó má sì sí àmì ohùn tàbí àlàfo níbẹ̀: iresi01.mp3 dára. Kí ó jẹ́ lẹ́tà kékeré jálẹ̀, nítorí lójú Linux, "Iresi" yàtọ̀ sí "iresi". Bí ojú-ewé bá sì ń tọ́ka sí fáìlì, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "D:", nítorí ẹ̀rọ mìíràn kò ní ibi tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ohùn. Bí a bá gba ohùn sílẹ̀ bí ti síídì orin, ìṣẹ́jú 80 péré ni yóò kún àwo. Bí a bá sọ ọ́ di MP3 tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 128, wákàtí tí ó lé ní 11 ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n kí ojúlówó ohùn àkọ́kọ́ wà ní ìpamọ́ fún ìwádìí.

Ẹ̀kẹrin, tí ó kan àwa onímọ̀ èdè jù lọ, ni àmì. Láyé àtijọ́, ṣe ni a ń fi "ẹ" àti "ọ" rọ́pò àmì mìíràn nínú fọ́ǹtì tí a dìídì ṣe. Níbi tí fọ́ǹtì náà kò bá sí, rúdurùdu ni yóò hàn. Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe wá mọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yàtọ̀ síra? Unicode ni kí á lò, kí á sì kọ charset="utf-8" sí orí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ gbé àwo náà lọ sí orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kí ó tó pín in. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní kò ní ojú àwo mọ́, ṣùgbọ́n fódà kan náà ni yóò dà sórí fúláàṣì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ index.htm. Àwo tí a kọ nílé lè ṣá. Nítorí náà kí ẹ̀dà wà ní ibi méjì ó kéré tán. Bí ẹ̀rọ bá yí padà lọ́la, ẹnu ọ̀nà ni a óò tún ṣe. Ohùn àwọn ìyá Ìgbẹ́mọ yóò ṣì wà nínú ilé. Ibi tí a óò dánu dúró sí lónìí nìyí. Ó dìgbà.