Lọ́ńdọ̀nù, Lẹ́yìn Ọjọ́ Fọ́tò

Ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ St Paul's ni mo ti jáde. Kò pẹ́ tí mo rìn tí mo fi bọ́ sí Paternoster Square, níbi tí ère olùṣọ́-àgùntàn àti àwọn àgùntàn rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Elisabeth Frink, dúró sí. Ọjà ìpín ìdókòwò Lọ́ńdọ̀nù ti wà ní ojúde yìí láti ọdún 2004. Ẹ má retí ariwo ọjà Balógun níbẹ̀ o. Kọ̀ǹpútà ló ń bá kọ̀ǹpútà ná ọjà.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lọ́jà ìpín Èkó náà ti gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́dún 2007, GTBank kó mílíọ̀nù dọ́là 750 jọ níbẹ̀, kì í ṣe nípa títa ìpín gan-an, bí kò ṣe ìwé tó dúró fún ìpín. Lóṣù kẹrin ọdún 2014, ilé iṣẹ́ epo Seplat wọ ọjà Èkó àti ti Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà. Airtel Africa tẹ̀ lé e lọ́dún 2019. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2025, GTCO, ilé iṣẹ́ tó ni GTBank, gbé ojúlówó ìpín rẹ̀ wá, ó sì kó nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là 105, nítorí báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, ti ní kí báǹkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun ní bílíọ̀nù náírà 500 gẹ́gẹ́ bí owó ìpìlẹ̀ kí oṣù kẹta ọdún 2026 tó parí. Inú mi máa ń dùn sí ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá wọ ọjà, tí àwọn ọ̀gá ń ya fọ́tò. Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ fọ́tò ló gbé mi wá.

Aago méje àárọ̀ ni ilé iṣẹ́ tó wà lọ́jà Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń gbé èsì òwò rẹ̀ jáde. Ní aago mẹ́jọ, ọjà á ṣí. Mo jókòó ti ikọ̀ ilé iṣẹ́ Nàìjíríà kan tí mi ò ní dárúkọ, nínú ọ́fíìsì tí wọ́n yá nítòsí Moorgate. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn onípìn-ín gbójú lé aago ara kọ̀ǹpútà. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago méje lù nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó fi èsì náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ òun kan tó ní ìpín tó pọ̀.

“Ẹ má bínú, sà, kò ṣeé ṣe. Gbogbo wọn ló máa rí i lẹ́ẹ̀kan náà.”

Ọ̀gá gbà. Òfin ni: ọ̀rọ̀ tó lè gbé owó ìpín sókè tàbí kó já a wálẹ̀, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ṣáájú ẹlòmíì.

Nígbà tó yá, a wọ yàrá kékeré kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì. Ìwé méjì ni obìnrin tó gbà wá lálejò tẹ́ sórí tábìlì: èyí tí ilé iṣẹ́ náà fi hàn án lọ́dún tó kọjá, àti tuntun. Ó ti fi bírò aláwọ̀ yẹ́lò fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan nínú èyí tó ti pẹ́. Ó yí i sí wa. Ẹ sọ pé ẹ̀rọ tuntun yín á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ó ní, mi ò sì rí i nínú tuntun yìí mọ́. Ibo ló wọlé sí?

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí èrò Nàìjíríà ṣe pọ̀ tó, àti bí ọ̀dọ́ ṣe kún ibẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó tún fi ìka tẹ gbólóhùn yẹn. Ìgbà náà ni ẹni tó ń rí sí ìṣúná ilé iṣẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà sọ: ẹ̀rọ há sí èbúté, iye báyìí ni owó fi lé, oṣù báyìí ni a ń fojú sọ́nà fún. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó ṣí ojú ìwé mìíràn, ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ gidi. Lójú tèmi, ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ẹ̀bi ilé iṣẹ́ kankan: bí a bá ta ìpín wa, ṣé dọ́là wa á jáde? Ó ní ohun tó fà á. Kí CBN tó so ọjà pàṣípààrọ̀ owó pọ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn àjèjì tó ta ìpín lÉkòó ń dúró de dọ́là fún oṣù mélòó kan. Lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, FTSE Russell, ilé iṣẹ́ tó ń to àwọn ọjà ìpín àgbáyé sípò, yọ Nàìjíríà kúrò lára wọn. Lóṣù kẹta ọdún 2024, CBN kéde pé òun ti san gbogbo gbèsè dọ́là tó tọ́ láti san nínú nǹkan bíi bílíọ̀nù méje tí wọ́n ń béèrè. Ẹni tó bá ń lọ sí Yúróòpù gbọ́dọ̀ lè sọ ìtàn yìí láìkólòlò, títí kan ìwé ẹ̀rí tí báǹkì ń fún àjèjì nígbà tí owó rẹ̀ wọlé, tó fi ń gbà á jáde.

Ta tiẹ̀ ni onípìn-ín tí ẹ máa sọ ìtàn yìí fún? Ẹ ṣí ìwé ìròyìn ọdọọdún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Èkó, ẹ ó sábà rí Stanbic IBTC Nominees lára àwọn tí ìpín wọn pọ̀ jù. Lẹ́yìn orúkọ yẹn, ọ̀pọ̀ olówó òkè òkun ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú yẹn ni láti wá wọn rí lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì pin sí Lọ́ńdọ̀nù: Edinburgh ń bẹ, Frankfurt ń bẹ, Oslo ń bẹ. Láti ọdún 2021 ni àpò owó ìjọba Norway ti ń kéde bí òun ṣe máa dìbò ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìpàdé àwọn onípìn-ín. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ ìpàdé kó tó ṣàlàyé ara rẹ̀ ti pẹ́ jù.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí orúkọ yín wà lọ́jà ìpín Èkó ní Marina, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó máa dáhùn síta, kí ẹni náà sì máa dáhùn lóòótọ́. Bí iṣẹ́ bá falẹ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Àlàyé tí ẹ bá sì ṣe fún obìnrin oníbírò yẹ́lò ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn, tó fi owó ìfẹ̀yìntì ra ìpín yín, rí i gbà ní wákàtí kan náà.