Bí Ọfà Ṣe Ń Pa Àgbọ̀nrín

Bí ẹ bá ń gbé Kútọnu, tí ẹ sì ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà, ó ṣeé ṣe kí irú fọ́tò yìí ti wọlé sórí fóònù yín rí: ẹran ńlá kan tí ìwo rẹ̀ pẹ̀ka bí igi sùn sórí ewé gbígbẹ, bàbá, ọmọ àti ọ̀rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta kúnlẹ̀ yí i ká, ọrun wà lọ́wọ́ ẹnìkan nínú wọn. Kò sí ìbọn níbẹ̀. Ẹni tó bá sì wò ó dáadáa á béèrè pé: ṣé ọfà lásán ló pa ẹran tó tó báyìí?

Ọfà ló pa á. Ṣùgbọ́n ọfà kì í pa ẹran bí ìbọn ṣe ń pa á. Ọta ìbọn máa ń fọ́ egungun, ó sì máa ń mi gbogbo ara ẹran débi pé ó lè wó lulẹ̀ níbi tó dúró sí. Ọfà kò ní agbára yẹn. Irin ẹnu rẹ̀ ló ń gé ìṣàn ẹ̀jẹ̀ nínú ara, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dà títí ẹsẹ̀ ẹran ò fi ní gbé e mọ́. Nítorí náà, ẹran tí ọfà bà máa ń sá ná. Ó lè sá 100 mítà, ó sì lè sá jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ọdẹ ọlọ́fà ti ṣẹ̀ wá. Ibẹ̀ náà ni ìdí tó fi jẹ́ iṣẹ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́, tí kì í ṣe ti ẹnìkan, ti jáde.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹran inú fọ́tò yẹn kì í ṣe àgbọ̀nrín wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn náà la fi ń pè é. Ìwo tiwa kì í pẹ̀ka, ó lọ́ díẹ̀ ni, ó sì máa ń wà lórí akọ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ìwo ti Amẹ́ríkà máa ń bọ́ lọ́dọọdún nígbà òtútù, òmíràn a sì tún hù. Tiwọn tóbi ju tiwa lọ, akọ mìíràn lè wúwo ju 100 kìlógíráàmù lọ. Síbẹ̀, ìwà wọn jọra. Ẹran ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni àwọn méjèèjì, wọ́n fẹ́ràn etí igbó níbi tí koríko ti pàdé igi, bí ẹ̀rù bá sì bà wọ́n, wọ́n a gbé ìrù sókè kí funfun abẹ́ rẹ̀ lè hàn. Tiwa tún máa ń gbó bí ajá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lóru á rò pé ajá abúlé kan ló sọnù sínú igbó.

Ọfà kì í lọ jìnnà láìyà kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọlọ́fà tó mọṣẹ́ kì í ta ẹran tó bá ju 30 mítà lọ, ẹlòmíràn a ní kó dé 20 kóun tó fa ọṣán. Kí ènìyàn tó dé 20 mítà sí àgbọ̀nrín, afẹ́fẹ́ lohun àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ bá ṣe. Bí o kò bá mira, ojú rẹ̀ lè fò ọ́ dá, àmọ́ bí òórùn rẹ bá ti dé imú rẹ̀, ó tán. Láti Ìdáàṣà lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́, àsìkò ọyẹ́ ni igbó máa ń gbẹ tí ojú sì máa ń ríran wọnú rẹ̀. Àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, nítorí náà, ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló yẹ kí ọdẹ gbà wọlé, kí afẹ́fẹ́ máa gbé òórùn ẹran wá bá a, kó má gbé tirẹ̀ lọ bá ẹran. Nígbà òjò, ó yí padà: afẹ́fẹ́ òkun, láti ọ̀dọ̀ wa níbí, ló ń fẹ́ lọ sókè. Àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ tún ní tiwọn. Ní ìdájí, afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta bí omi, bí oòrùn bá sì ti mú, afẹ́fẹ́ a máa gòkè. Ẹni tó dúró síbi tó dára ní aago mẹ́fà lè wà níbi tí kò dára ní aago mẹ́sàn-án láìṣípò padà. Kò sí ohun tó ń fi èyí hàn bí eérú kíún tí ènìyàn jẹ́ kó já bọ́ láti àárín ìka méjì: ibi tó bá gbà ni òórùn rẹ náà ń gbà.

Bí ènìyàn bá pọ̀, àwọn kan lè fi ajá lé ẹran láti apá kan, kí àwọn ọlọ́fà ba sí ojú ọ̀nà tó máa ń gbà. Nínú irú ọdẹ bẹ́ẹ̀, òfin kan wà tí n kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré: ẹni tó ba ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan, kò sì gbọdọ̀ ta ọfà sí apá tí àwọn tó ń lé ẹran ti ń bọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà, orí igi ni wọ́n sábà máa ń jókòó sí. Àwọn àgbà ọdẹ wa mọ èyí tipẹ́, wọ́n ń pè é ní ẹ̀gùn: òórùn ènìyàn a gba òkè kọjá, ẹran kì í sì í sábà gbójú sókè.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ìró, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ojú ló ń mú kí ọfà tàsé. Ọfà tí a fi ọrun igi ta ń rin nǹkan bí 50 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró ń rin nǹkan bí 340 mítà láàárín àkókò kan náà. Bí àgbọ̀nrín bá wà ní 25 mítà, ọfà á lo ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lójú ọ̀nà, nígbà tí ìró ọṣán ti dé etí ẹran tipẹ́. Ẹran tó bá ta gìrì máa ń kọ́kọ́ ká ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀ kó tó fò, ọfà a sì gba òkè ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ní 1966, ará Amẹ́ríkà kan, Holless Wilbur Allen, béèrè ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí ọrun tó ní kẹ̀kẹ́ kéékèèké ní orí méjèèjì, wọ́n sì fún un ní 1969. Kẹ̀kẹ́ yẹn ń gba ìwúwo ọṣán lọ́wọ́ ẹni tó fà á títí, kí ọwọ́ má gbọ̀n bó ṣe ń wo ojú ibi tí yóò ta sí. Ọfà rẹ̀ lè rin 90 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìró ṣì yá jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí, sísúnmọ́ ẹran ló ń ṣiṣẹ́, owó tí ènìyàn fi ra ọrun kò tó o.

Ibi tí wọ́n ń fojú sùn ni ẹ̀yìn èjìká, níbi tí ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn wà. Ẹran tó bá fi ẹ̀gbẹ́ sí ọ nìkan ló yẹ ní títa, kì í ṣe èyí tó kọjú sí ọ. Lẹ́yìn tí ọfà bá ti kúrò, ohun tó le jù lọ ni kí ènìyàn jókòó. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú 30. Ẹran tó fara gbọgbẹ́ tí kò rí ẹni tó ń lé e kì í lọ jìnnà, á dùbúlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì kú sí. Èyí tí wọ́n bá ń lé tẹ̀lé lójú ẹsẹ̀ lè sá dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i mọ́, oró á sì jẹ ẹ́ lásán.

Ẹ̀jẹ̀ lẹ ó kà. Bó bá pupa fòò tó sì ń hó bí ọṣẹ, ẹ̀dọ̀fóró ni, ẹran ò jìnnà. Bó bá dúdú, ẹ̀dọ̀ ni, ẹ mú sùúrù wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí koríko tútù bá pò mọ́ ọn, tó sì ń rùn, ìfun ni ọfà gbà, ọ̀rọ̀ ti burú. Níbí ni ẹbí àti ọ̀rẹ́ ti wúlò jù. Ẹnìkan á dúró gangan síbi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rí gbẹ̀yìn, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ẹlòmíràn á fi rí òmíràn níwájú. Àwọn tó kù á máa wá a lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá sábà máa ń sàn ju àgbà lọ nínú iṣẹ́ yìí, ojú rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀. “Bàbá, ẹ má tẹ̀ ẹ́, òun nìyí lára ewé” ni ohùn tó ń mú inú dídùn padà sínú igbó.

Ní Amẹ́ríkà, òtútù ti máa ń dé ní oṣù kọkànlá, wọ́n lè fi ẹran sílẹ̀ mọ́jú kó má bàjẹ́. Kò ṣeé ṣe níbí. Ooru wa ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí kan nìyẹn tí àwọn baba wa fi ń fi oró sí ẹnu ọfà, kí ọgbẹ́ kékeré lè yára pa ẹran. Púpọ̀ nínú oró náà wá láti ara ìtàkùn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Strophanthus, ọkàn ló sì ń kọlù. Nígbà ìrìn àjò Livingstone, arìnrìn-àjò ará Scotland, ní odò Zambezi, dókítà wọn, John Kirk, rí i pé ìlùkìkì ọkàn òun yí padà nígbà tí oró bẹ́ẹ̀ kan burọ́ọ̀ṣì ìfọyín òun. Thomas Fraser ní Edinburgh yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì di oògùn ọkàn ní Yúróòpù. Tí wọ́n bá gba ẹnu jẹ ẹ́, díẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, èyí ló jẹ́ kí wọ́n lè jẹ ẹran náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ojú ọgbẹ́ sọnù. Àwọn ará Ìbàrìbá lókìkí nínú lílo oró yìí. Lugard, ọ̀gá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, tọ́ ọ wò ní 1894, lẹ́yìn tó kúrò ní Nikki, nígbà tí ọfà olóró wọ orí rẹ̀. Bio Guéra, ẹni tí ère rẹ̀ wà lórí ẹṣin nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú wa, kú ní 1916 nígbà tí òun àtàwọn ọlọ́fà rẹ̀ ń bá Faransé jà.

Ní Kétu, ọ̀rọ̀ ọrun ju ti ogun lọ. Dáhòmì pa ìlú náà run ní 1886, àmọ́ àwọn ẹrú tó ti lọ ṣáájú ti gbé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, dé Brazil. Títí dòní, wọ́n ń pè é ní ọba Kétu níbẹ̀, ọrun àti ọfà tí a lẹ̀ pọ̀ sì ni àmì rẹ̀. Ìtàn wọn ní ọfà kan ṣoṣo ló ní lọ́wọ́ nígbà tó pa ẹyẹ burúkú tó bà lé ààfin. Ẹni tó bá ti ta àgbọ̀nrín rí mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ló wà nínú ìtàn yẹn: ọfà kejì kì í sí.

Ẹ má gbé ọrun sínú ọkọ̀ kí ẹ máa lọ sókè láìkọ́kọ́ bá àwọn òṣìṣẹ́ igbó sọ̀rọ̀ o. Òfin 2002-16, tó jáde ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá 2004, ló ń darí ọ̀rọ̀ ẹranko ìgbẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, ìwé àṣẹ sì pọn dandan. Pendjari àti W jẹ́ ọgbà ìjọba, wọn kì í ṣe igbó ọdẹ. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ àgbọ̀nrín ti ń wọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn àgbà ti ń rí i lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ ẹran ọbẹ̀ nìkan lẹ ń wá, ọ̀yà ọ̀sìn wà, orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sìn ín.

Bí ẹran bá ti wà nílẹ̀, tí wọ́n ti tú u, tí ẹni tí ọfà rẹ̀ kọ́kọ́ bà á ti mú tirẹ̀, tí àwọn tó tọ ipasẹ̀ náà sì ti gba ìpín, iṣẹ́ kan ṣì kù. Kí olúkúlùkù tú apó rẹ̀, kó ka ọfà tó gbé wá sínú igbó. Bí ẹyọ kan bá dín, gbogbo wọn á padà lọ wá a. Ẹnu rẹ̀ mú, ó lè ní oró, àwọn ọmọ abúlé yẹn á sì gba ibẹ̀ lọ sóko láàárọ̀ láìwọ bàtà.