Ìlànà Ìtòjọ Oríkì Àjọlò Nínú Iṣẹ́ Ìṣẹ̀dá Prósẹ́sọ̀

1. Ìfáárà
Ará Adó-Èkìtì a máa pe ilé ní "ulé" nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ṣùgbọ́n "ilé" ni yóò kọ sínú ìwé tí yóò dé Ọ̀yọ́ tàbí Ìjẹ̀bú. Ẹ̀ka-èdè Adó kò tìtorí èyí parun. Níbi tí ẹlòmíràn yóò ti kàwé náà nìkan ni àkọtọ́ àjọlò ti gba iwájú. Irú ètò yìí ni àwọn tí ń ṣẹ̀dá prósẹ́sọ̀, èyí tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, nílò fún oríkì àwọn oríṣi dátà wọn.

2. Ìṣòro
Ẹ̀ka púpọ̀ ni ó wà nínú prósẹ́sọ̀: ọ̀kan ń gbé àṣẹ wọlé, èkejì ń túmọ̀ rẹ̀, ẹ̀kẹta ń mú un ṣẹ. Nínú ìlànà RISC-V, tí a bẹ̀rẹ̀ ní Berkeley ní ọdún 2010, rẹ́jísítà 32 ni ó wà fún odidi nọ́ńbà; bíìtì 5 sì tó láti tọ́ka sí èyíkéyìí nínú wọn. Ká ní ẹ̀ka kan fi rẹ́jísítà kún ti inú, tí ó wá ń lo bíìtì 6, tí ẹ̀ka kejì sì dúró lórí 5: rẹ́jísítà 33 yóò di rẹ́jísítà 1 lójú ẹ̀ka kejì. Èdè SystemVerilog kò ka irú ìgékúrú bẹ́ẹ̀ sí àṣìṣe. Bí a bá sì ti tẹ̀ ẹ́ sórí sílíkọ́nì, kò ṣeé pa rẹ́ mọ́.

3. Ìlànà
SystemVerilog, tí IEEE fọwọ́ sí ní ọdún 2005, pèsè àpò oríkì, tí ó ń pè ní package. Ìpín mẹ́rin ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn:
(a) Ohun tí ìlànà gbogboogbò ti là sílẹ̀ ní àpò tirẹ̀. Nínú prósẹ́sọ̀ CVA6, tí a ń pè ní Ariane tẹ́lẹ̀, riscv ni èyí.
(b) Ohun tí àwọn aṣẹ̀dá fúnra wọn yàn, tí ẹ̀ka púpọ̀ ń lò, ní àpò mìíràn. Ariane_pkg ni àpẹẹrẹ rẹ̀.
(d) Ohun tí ó ń yí padà bí a bá yan bíìtì 32 tàbí 64 kò ṣeé dè mọ́ inú àpò. CVA6 wá ń fi irú oríkì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan láti òkè.
(e) Ohun tí ẹ̀ka kan ṣoṣo ń lò, kí ó wà níbẹ̀.
Àpò kì í gbára lé ara wọn ní àyípo, nítorí pé a gbọ́dọ̀ ka àpò kan tán kí ẹni tí yóò lò ó tó tẹ̀ lé e.

4. Àgbálọgbábọ̀
Kì í ṣe gbogbo oríkì ni ó yẹ ní àjọlò. Àpò tí a kó ohun gbogbo sí a máa so gbogbo ẹ̀ka pọ̀, débi pé àtúnṣe kékeré yóò kan ẹni tí kò ní í lò ó. Oríkì tí ó bá kọjá ẹnu ọ̀nà ẹ̀ka kan ni kí a kọ lẹ́ẹ̀kan, ní ojú kan. Èyí tí kò bá kọjá, kí a fi í sílé.