Omíyalé: Iṣẹ́ Wo Ló Kan Ará Àdúgbò?

Bí òjò bá ń rọ̀ lóru níhìn-ín, púpọ̀ nínú wa a máa fi aṣọ borí, oorun a sì dùn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàrin wa tí ojú wọn kì í lè kan oorun, nítorí pé etí odò ni ilé òbí wọn wà, ilé sì jìnnà. Nítorí wọn ni a ṣe kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Odò Ògùnpa la àárín ìlú náà kọjá. Ó kún ní ọdún 1960, 1963 àti 1978, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980 ni kò ṣeé gbàgbé. Ènìyàn tó bá a lọ lé ní 200. Òun ni àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní "Omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù". Lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba gbẹ́ odò náà fẹ̀, wọ́n sì fi kọnkéré ṣe ojú ọ̀nà rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, odò Ọ̀nà náà kún àkúnya, omi wó afárá, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100 ní ìlú kan náà. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là láti dènà omíyalé níbẹ̀.

Kí ló ń fà á? Àwọn kan ní odò ló ń bínú. A kò ní bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí òrùlé kan bá gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, tí òjò mìlímítà 50 wá rọ̀ sí i, omi tí yóò ṣàn kúrò lórí rẹ̀ jẹ́ lítà 5,000. Dúrọ́ọ̀mù ńlá 25 nìyẹn, láti orí ilé kan ṣoṣo! Nígbà tí igbó àti oko wà níbẹ̀, ilẹ̀ a máa fa púpọ̀ nínú omi náà mu. Nísinsìnyí, páànù, sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà ti bo ilẹ̀. Omi gba gọ́tà lọ, ó bá ọ̀rá, ike àti iyanrìn níbẹ̀. Ibo ni kí ó tún yà sí bí kò ṣe inú ilé?

Nǹkan mẹ́rin ni àdúgbò lè ṣe. Èkíní, kí wọ́n máa kó gọ́tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè. Bí àwọn ará òkè nìkan bá kó tiwọn, orí ará ìsàlẹ̀ ni wọ́n da omi lé. Kí wọ́n sì kó ẹrẹ̀ náà kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, torí pé èyí tí a bá kó jọ sí etí gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ ni yóò dá a padà.

Èkejì, kí wọ́n máa dá owó kó pàǹtírí, kí wọ́n sì mọ ibi tí oní-ọmọlanke ń dà á sí. Bí ó bá ń dà á sódò lóru, owó ni wọ́n fi ra omíyalé.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara òpó afárá. Bí omi bá ti kan àmì náà, kí ará òkè odò tẹ ará ìsàlẹ̀ láago, kí aago ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí sì dún. Kí wọ́n ti mọ ẹni tí yóò gbé arúgbó àti ọmọdé jáde.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ àwọn onílé má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra ilẹ̀ ojú ọ̀nà omi láìkìlọ̀ fún un kí ó tó sanwó.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A kò sọ pé kí ìjọba lọ sinmi. Ṣọ́bìrì kò lè gbẹ́ odò fẹ̀, ará àdúgbò kò sì lè ṣe afárá. Bí wọ́n bá sì wó ilé tálákà létí odò láìfún un níbòmíràn, ilẹ̀ àbàtà mìíràn ni yóò tún lọ rà, nítorí òun ni agbára rẹ̀ ká.

Nítorí náà, bí a bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá àti ìyá wa: ta ni ń kó gọ́tà wa? Ta ni yóò jí wa bí omi bá dé lóru? Bí kò bá sí ìdáhùn, kí àwa ọ̀dọ́ gbé ṣọ́bìrì ṣáájú. Àwọn àgbà ní odò kì í kún bo ẹja lójú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa kì í ṣe ẹja.